Kí ló dé tí iná Berlin fi pín sí àwọ̀ méjì nínú fọ́tò tí wọ́n yà láti òfurufú?

Aṣèbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń wo àwọn fọ́tò ìlú ńláńlá tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú máa ń yà lóru, mo sì dé orí ti Berlin ní Jámánì. Apá ìlà-oòrùn rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí iná àtùpà, apá ìwọ̀-oòrùn sì funfun, àfi bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Ṣé wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn ún ni? Ìbéèrè mi kejì ni pé, kí ló dé tí ìkùukùu kì í sí nínú àwòrán tó fi gbogbo ayé hàn lóru?

Alátùpà:
Ẹnikẹ́ni kò kùn ún o. Òótọ́ ni pé ògiri tó pín Berlin ti wó láti ọdún 1989, ṣùgbọ́n òpó iná kò bá ògiri wó. Gílóòbù sodium, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n, ni wọ́n lò jù ní ìlà-oòrùn, nígbà tí ìwọ̀-oòrùn ń lo àwọn iná tó funfun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú di ọ̀kan, àmọ́ ta ni yóò yọ gbogbo iná òpópónà lẹ́ẹ̀kan náà? Chris Hadfield, arìnrìn-àjò òfurufú ará Kánádà, ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2013, ààlà náà sì hàn gedegbe. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàrọ̀ iná ni àwọ̀ ìlú máa ń yí padà: ẹ fi fọ́tò Milan ti 2012 wé ti 2015, ẹ ó rí i pé àárín ìlú náà ti funfun, nítorí pé wọ́n ti gbé iná LED síbẹ̀.

Awòràwọ̀:
Bí Alátùpà ṣe wí ni. Ohun tó ń ya èmi lẹ́nu ni pé fọ́tò náà tilẹ̀ mọ́ kedere. Nǹkan bí 400 kìlómítà lókè ni ibùdó òfurufú (ISS), tí àwọn arìnrìn-àjò náà ń gbé tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, wà, ó sì ń sáré tó 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ó ti rìn ju kìlómítà 7 lọ. Lóru, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí pẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ìyẹn ló sì máa ń sọ iná kọ̀ọ̀kan di ìlà gbọọrọ. Nígbà tí Don Pettit, arìnrìn-àjò òfurufú ará Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀ ní 2002 sí 2003, ó ṣa àwọn ẹ̀yà irinṣẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú ibùdó náà jọ, ó sì fi wọ́n ṣe ohun tí ó ń gbé kámẹ́rà lé, tó ń yí i díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn bí ibùdó ṣe ń lọ síwájú, kí ojú rẹ̀ má bàa kúrò lára ìlú tó ń yà.

Arínúróde:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ìkùukùu. Àwòrán gbogbo ayé yẹn kì í ṣe fọ́tò kan ṣoṣo. Èyí tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2012 jẹ́ àkójọ ohun tí sátẹ́láìtì Suomi NPP rí fún ọjọ́ 22 nínú oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Ibi tí ìkùukùu bá bò lálẹ́ kan, ti alẹ́ mìíràn ni wọ́n mú dípò rẹ̀. Ẹ má sì fi ìmọ́lẹ̀ ka iye èèyàn. Àwọn tó ń gbé ní Pyongyang, olú ìlú Kòríà Àríwá, ju mílíọ̀nù 2 lọ, síbẹ̀ àmì iná kékeré ló jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Seoul, olú ìlú Kòríà Gúúsù.

Aṣèbéèrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti padà lọ wo ti Berlin. Ibì kan ṣókùnkùn láàárín ìlú, tí mo ti rò pé iná ló kú níbẹ̀. Mo gbé máàpù lé e: ọgbà igi Tiergarten ni.