Màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn ò sì gbà kí wọ́n wo ojú àti ẹsẹ̀ wọn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Aránṣọ ni màmá mi, Ìbàdàn ni wọ́n wà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń lo oògùn ṣúgà, wọn kì í pa á jẹ. Àmọ́ bí dókítà bá ti dárúkọ pé kí wọ́n lọ wo ojú, ìjà dé. Wọ́n á ní, "Ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ wá nínú ẹ̀?" Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ wo ojú, kò pẹ́ tójú ọ̀hún fi fọ́. Ìyẹn ni wọ́n dì mú.

Ti ẹsẹ̀ tún wá le jù. Ó máa ń ta wọ́n lálẹ́ bíi pé wọ́n fi ata ra á, wọ́n ní nǹkan kan làwọn tẹ̀ lọ́jà. Lọ́jọ́ Sátidé, a jọ jáde, sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì wọn yọ sílẹ̀, wọ́n rìn kọjá ilé mẹ́ta láìmọ̀. Èmi ni mo bá wọn mú un. Wọ́n wo bàtà, wọ́n wo ẹsẹ̀, wọn ò fọhùn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Má bá wọn jà o. "Mi ò gbà á lórúkọ Jésù" ni bàbá tèmi náà ń wí. Wọ́n á máa fi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀ torí pé ó ń kú. Lọ́jọ́ kan ó bó, wọn ò mọ̀, ara bẹ́ẹ̀dì la ti rí omi egbò. Ìka méjì ni wọ́n gé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Omi ewúro láràárọ̀, ó parí. Owó làwọn dókítà ń wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọmọ Ìjẹ̀bú, máa mu ewúro rẹ, àmọ́ ewúro ò lè wo ẹ̀yìn ẹyinjú. Ibẹ̀ ni ṣúgà ti ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín jẹ́, wọ́n sì lè máa jò nígbà téèyàn ṣì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìgbà tójú ti ń ṣú lọ́pọ̀ èèyàn tó ń wá, àwọn yẹn ni ará ṣọ́ọ̀ṣì ń rí. Ẹni tó tètè wá, tó ṣì ń ríran, ta ló ń ròyìn tirẹ̀?

Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, bàtà ti bá ẹ sọ ọ́. Má bá wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n tẹ̀. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín bíi ti ìwọ̀ ẹja ni wọ́n máa fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń mọ nǹkan lára, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ. Tó bá wá kan ojú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Wọ́n á kán oògùn sí i kí ọmọlójú lè fẹ̀, ojú á sì ṣe bàìbàì fún wákàtí díẹ̀. Tètè sọ fún wọn! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ọ̀nà ni wọ́n á ti máa pariwo pé wọ́n ti fọ́ àwọn lójú. Má jẹ́ kí wọ́n dá gun ọ̀kadà bọ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. A ti lọ lónìí. Mo ní ká lọ wo ohun tó yọ bàtà. Wọ́n di ojú wọn, nọ́ọ̀sì ń fi okùn kàn wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi í pé, "Ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán. Ti ojú, wọ́n ní kí ìkórè kọjá ná, àwọn làwọn ń rán aṣọ ẹgbẹ́.