Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rí, kí lojú yín rí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àbúrò mi fẹ́ fi báńkì sílẹ̀. Ó lóun fẹ́ máa kọ ìròyìn fún magasíìnì, tó bá yá kóun kọ ìwé nípa ohun tójú òun bá rí. Ẹ bá wa dá sí i.

Bàbá Fẹ́ńdọ̀: Èmi ò kọ ọ́, mo tà á ni. Nígbà tí ìjọba Babangida fòfin de magasíìnì TheNEWS ní 1993, àwọn ọmọ tó ń kọ ọ́ sá pamọ́, wọ́n sì ń gbé Tempo jáde dípò rẹ̀. Inú Daily Times ni mo máa ń ká a sí. Oníbàárà tó bá mọ̀ mí á kàn ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní ti inú." Bí mọ́tò sójà bá yọ, màá jókòó lé e.

Arọ́lá: Ti inú! 😂 Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bàbá mi ń tọ́jú tiwọn sí.

Akọ̀ròyìn Àná: Mo ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ tá a bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ síbi ìtẹ̀wé, ilẹ̀ ọ́fíìsì là ń sùn. Owó oṣù ń pẹ́. Ṣùgbọ́n olóòtú wa kì í gba ìgbàkugbà. Tó o bá kọ pé ilé kan jó, á ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé ó wà níbẹ̀, àbí wọ́n sọ fóun náà ni?" O máa padà lọ bá onílé, bá mẹkáníìkì iwájú ilé, bá ìyá tó ń ta ògì. Ohun tí mo fi kọ ìwé mi nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Kò sówó, kò sóorun. Kí lẹ wá ń jẹ?

Ayékòótọ́: Kó kọ́kọ́ ka ìwé tí Kunle Ajibade, olóòtú TheNEWS, kọ nípa ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Torí ìròyìn ẹ̀sùn ìdìtẹ̀gbàjọba tí TheNEWS gbé jáde ni ìjọba Abacha ṣe jù ú sẹ́wọ̀n gbére ní 1995. Wọ́n wá dín in kù sí ọdún 15. Makurdi ló wà títí Abacha fi kú ní 1998.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ dẹ́rù bà á ni?

Ayékòótọ́: Rárá o. Àwọn akọ̀ròyìn bíi Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles-Obi náà ṣẹ̀wọ̀n ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ yẹn. Kò yẹ kéèyàn wọṣẹ́ yìí láìmọ̀ wọ́n.

Ará Ìkẹjà: Dele Giwa, olóòtú magasíìnì Newswatch tí wọ́n pa, ńkọ́? Ọjọ́ Sunday ni, October 19, 1986, bọ́ǹbù inú lẹ́tà, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà níbí. Ìyá mi ò jẹ́ ká gba àpòòwé lọ́wọ́ àlejò mọ́ látọjọ́ náà. Títí dòní wọn ò fìyà ẹ̀ jẹ ẹnikẹ́ni!

Arọ́lá: Ó dùn mí wọra.

Àkànjí: Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé Aláròyé, ìwé ìròyìn Yorùbá, kì í ṣe ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni? Kó lọ kọ Yorùbá.

Akọ̀ròyìn Àná: Ta ló máa ra ìwé Yorùbá lọ́wọ́ rẹ̀?

Bàbá Fẹ́ńdọ̀: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Aláròyé ń tà gan-an, kì í dọ̀sán lórí tábìlì mi.

Àkànjí: Ẹ ṣeun, bàbá!

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ owó o.

Akọ̀ròyìn Àná: Ìyá Ìbejì, kó má tíì fi báńkì sílẹ̀. Kó kọ ìròyìn kan lọ́jọ́ Sátidé, kó fi ránṣẹ́ sí olóòtú, kó wo iye ibi tí wọ́n máa fa bírò pupa sí.