Súútìn: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí

Òkè-Àdó n'Íbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ilé wa ò jìnnà sí pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ṣí ní 1960, èyí tí à ń pè ní pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Tí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n níbẹ̀, a kì í dúró de oníròyìn. Ariwo á kọ́kọ́ ró hììì, á wá bú gbàù, àwọn adìẹ ìyá mi á sá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹgbẹ́ olówó ni Shooting Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ìbàdàn, láti ìpilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni. WNDC, iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ló ni wọ́n, bàbá mi sì ń wa ọkọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n di IICC, orúkọ iléeṣẹ́ ìdókòwò ìjọba, lẹ́yìn náà wọ́n di 3SC, ìyẹn Shooting Stars Sports Club. Orúkọ ẹni tó ń sanwó ló ń yí padà láyà jẹ́sì. Àwa ará ìta ò bá wọn yí nǹkan kan padà o. Súútìn la mọ̀, bí ẹnu Ìbàdàn ṣe ń pè é nìyẹn. "Up Súútìn!" ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀.

Ọdún 1990 ni líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kó tó dìgbà náà, kálukú ló níṣẹ́ tàbí ìwé tó dì mú. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pólì Ìbàdàn. Múdà Láwàl, ọmọ Abẹ́òkúta, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ṣe kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí l'Ékòó pẹ̀lú Stationery Stores, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí Israel Adébájọ̀ dá sílẹ̀ ní 1958.

Mo ní fọ́tò kan tí bàbá mi fi sílẹ̀, ti ọdún 1971 tí WNDC gba Challenge Cup, ife gbogbo Nàìjíríà. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n dúró lé. Ẹnì kan fi ẹfun kọ ọdún sára bọ́ọ̀lù tó wà láàárín ẹsẹ̀ àwọn tó lóṣòó níwájú. Bàbá mi dúró létí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mẹ́ta ti parẹ́.

Ní 1976 mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ife tí àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ń dù ní Áfíríkà, Cup Winners' Cup, ni Súútìn dé ìparí rẹ̀, Tonnerre ti Yaoundé la sì fẹ́ bá wàákò, àwọn tó ti gbà á lọ́dún tó ṣáájú, tí Roger Milla wà láàárín wọn. A nà wọ́n 4-1 nílé. Ó wá ku ọjọ́ tí a máa lọ bá wọn ní Kamẹrúùnù. Láti àárọ̀ ni bàbá mi ti sá bátìrì mẹ́rin sórí páànù kí agbára wọn lè padà. Nígbà tí Tonnerre jẹ ọ̀kan, ó dìde, ó di irin orí rédíò mú, kò sì jókòó mọ́. Tó bá ti yọwọ́, ariwo hàà-hàà nìkan là ń gbọ́. Bí apá ṣe ń ro ó tó, ó kàn pààrọ̀ ọwọ́ ni. 1-0 ló parí sí lọ́hùn-ún, 4-2 lápapọ̀. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan ò gba ife Áfíríkà rí títí di ọjọ́ yẹn. Bàbá mi fi irin náà sílẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń sunkún. N kò rí i kó sunkún rí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí o. Orí bàbá yín yìí wú mi gan-an.

Gúgúrú àti ẹ̀pà ni ìyá mi ń tà lẹ́nu géètì Liberty, èmi ni mò ń bá a pọ́n ìwé tí a ń rọ ẹ̀pà sí. Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbé àdúgbò wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Àwìn ló máa ń rà. Bí wọ́n bá ti sanwó oṣù lọ́fíìsì, á gba ọ̀dọ̀ ìyá mi kọjá kó tó délé, á ka owó náà sí i lọ́wọ́ ní náírà àti kọ́bọ̀. Ọjọ́ tó bá jẹ góòlù, ìyá mi á fún un ní èènì agolo mílíìkì kan. Agbábọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ ló máa ń bẹ ìyá mi pé kó kọ ọ́ mọ́ gbèsè.

Ní March 22, 1980, tí Nàìjíríà na Algeria 3-0 ní Sùúrùlérè ní ìparí ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, iwájú tẹlifíṣọ̀n onílé wa ni gbogbo wa wà. Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Múdà jẹ ọ̀kan, Best Ogedegbe ló ń ṣọ́ ilé. Gbogbo wọn, ọmọ Súútìn! Ìyá mi ń pariwo "tiwa ni! tiwa ni!" bíi pé òun ló bí wọn. Àwọn ará ilé kejì ń bi í pé ṣé kì í ṣe Nàìjíríà ló ń gbá a ni. Kò dá wọn lóhùn.

* * *

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mi ò bá 1976, pápá Adámásìngbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Lékàn Sàlámì sọ ni tèmi. Ní 1992, a gba CAF Cup níbẹ̀, ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà kọ́kọ́ gbá ife náà. Òmì ni a ta ní Kampala pẹ̀lú Nakivubo Villa ti Uganda, a wá nà wọ́n 3-0 nílé. Bàtà ilé ìwé mi kan ṣoṣo ni mo wọ̀ délé, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé mi kọ́rùn láti Adámásìngbà títí dé Mọ́kọ́lá. Ní 1996 Zamalek ti Íjíbítì fi pẹnáritì gba ife àwọn tó gba líìgì ní Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Káírò; ife yẹn náà ni wọ́n ti gbà mọ́ wa lọ́wọ́ ní 1984. Ìyẹn ṣì ń dùn mí di òní.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, fẹ́lẹ́lẹ́ la fi ń gbá mọ́nkí pọ́ọ̀sì. Wọ́n mọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù òkè òkun. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà fọ́tò 1971 yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ náà, kí n lè fi hàn wọ́n.

* * *

Àbúrò, màá ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Bàbá kan wà ní Òkè-Àdó tó bá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní WNDC, ojú rẹ̀ ṣì ríran. Màá kọ́kọ́ gbé e lọ bá wọn ní Sátidé, bóyá wọ́n á dá àwọn mẹ́ta tí orúkọ wọn parẹ́ yẹn mọ̀. Pẹ́ńsù ni màá mú dání.