Túùbù inú fíríìsà kò bá àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà mu nínú ìwádìí ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́dún gbọọrọ

Alákòóso_Ìwádìí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ibùdó mẹ́ta ló ń gba ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ìwádìí àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan, àwọn olùkópa sì ń padà wá lọ́dọọdún láti fẹ́ atẹ́gùn sínú spirometer (ẹ̀rọ tó ń wọn èémí). Nǹkan méjì ló ń dààmú wa. Àwọn túùbù kan wà nínú fíríìsà tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn sì wà lórí kọ̀ǹpútà tí a wá tì nínú fíríìsà. Èkejì, látìgbà tí ibùdó kan ti pààrọ̀ spirometer wọn ni FEV1 (atẹ́gùn tí èèyàn fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́) ti ń lọ sókè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn olùkópa ń dàgbà sí i ni. Ibo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé a lè lẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun mọ́ àwọn túùbù tí nọ́ńbà wọn ti ń parẹ́?

Ìyá_Fíríìsà:
Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ má dán lébẹ́ẹ̀lì tuntun wò lára túùbù tó ti dì. Gọ́ọ̀mù kì í mú ibi tí yìnyín bá wà. Á kọ́kọ́ dà bíi pé ó lẹ̀, kó tó pẹ́ á ká kúrò, ẹ ó bá a nílẹ̀ àpótí, ẹ ò sì ní mọ túùbù tó ti já bọ́. Ara túùbù gbígbẹ ni wọ́n ti ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì, kí ohunkóhun tó wọ inú rẹ̀, kó sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún òtútù -80°C. Bírò ò dára: ọtí tí a fi ń nu nǹkan ní láàbù máa ń fọ̀ ọ́ dànù.

Àárín centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí túùbù ẹ̀jẹ̀ po kíákíá kí ohun inú rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀) sí fíríìsà ni ìṣirò ti sábà máa ń dàrú. Fọ́ọ̀mù ti sọ tẹ́lẹ̀ pé túùbù kéékèèké mẹ́fà ni plasma (omi ara ẹ̀jẹ̀) máa kún, 0.5 mL lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí fà kò tó, mẹ́rin ló kún, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti fúnra rẹ̀ kọ mẹ́fà. Ẹni tó bá ń wá méjì yòókù lẹ́yìn ọdún méjì, ohun tí kò sí rárá ló ń wá. Ẹ yọ iye tí kọ̀ǹpútà ń kọ fúnra rẹ̀ yẹn kúrò. Kí ẹni tó ń pín plasma fi ẹ̀rọ ka bákóòdù túùbù kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kún, kó sì kọ iye mL tó bọ́ sínú rẹ̀.

Ohun kejì tó máa ń dà á rú ni lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti tẹ ọdún àbẹ̀wò sí lára. Tí ti ọdún kejì bá ṣẹ́kù, ẹnì kan á mú un lò lọ́dún kẹta. Nọ́ńbà ara túùbù kò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa olùkópa tàbí ọdún. Inú kọ̀ǹpútà ni kí ìyẹn wà.

Ní ti kíkà, àpótí kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa gbé jáde, lórí dry ice (yìnyín gbígbẹ tí wọ́n fi carbon dioxide ṣe). Ẹnì kan á máa ka bákóòdù, èkejì á máa kọ ihò tí túùbù wà. Àwọn tí kò ní fọ́ọ̀mù, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ kó wọn sí àpótí ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣàyẹ̀wò títí ẹ ó fi fi déètì àti wákàtí inú ìwé láàbù wá ẹni tó ni wọ́n. Tí ìyọ̀ǹda olùkópa bá gbà á, ẹ lè fi DNA wọn wé ti àbẹ̀wò tó ti kọjá.

Afẹ́mìífẹ́mìí:
Lórí FEV1: ṣé lítà ló lọ sókè ni, àbí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún (ìyẹn, tí a bá fi wé iye tí a retí lára irú ẹni bẹ́ẹ̀)? Tó bá jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan, ẹ̀rọ lè má jẹ̀bi. Ẹ wo gíga tí wọ́n tẹ̀ sí i, ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀rọ tuntun ń lo GLI 2012 (ìwọ̀n àgbáyé tí a fi ń mọ iye èémí tó yẹ kí a retí) tí èyí àtijọ́ kò lò.

Tó bá jẹ́ lítà, ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ń pàdánù nǹkan bí 25 sí 30 mL lọ́dún. Ẹ̀rọ tó fi 3% yẹ̀ á fi 90 mL yẹ̀ lára ẹni tí FEV1 rẹ̀ jẹ́ 3 L. Ohun tí ẹ fi ọdún mẹ́ta ń wá ti rì sínú àṣìṣe ẹ̀rọ nìyẹn. Àṣìṣe yìí sì wà láàárín ±3% tí òfin gbà, torí náà àyẹ̀wò òòjọ́ pẹ̀lú syringe 3 L (ohun èlò tó ń ti atẹ́gùn lítà mẹ́ta gééré sínú ẹ̀rọ) kò ní fi í hàn bí ìṣòro. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣe é lójoojúmọ́: kí syringe wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí ẹ má di ara rẹ̀ mú pinpin, torí ooru ọwọ́ ń mú atẹ́gùn inú rẹ̀ fẹ̀.

Ohun tó máa tú àṣírí ni òṣìṣẹ́ méjì tí ara wọn le, tí kì í mu sìgá, tí wọ́n ń fẹ́ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹ má sì fọwọ́ kan nọ́ńbà àkọ́kọ́ láti tún un ṣe. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń ṣe ìṣirò lè ya ti àtijọ́ sọ́tọ̀ sí ti tuntun.

Alákòóso_Ìwádìí:
Ẹ ṣeun gan-an. Lítà ni o. Ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Afẹ́mìífẹ́mìí:
Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Kí àwọn olùkópa tó ń bọ̀ fẹ́ sínú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹnì kan fi ti àtijọ́ ṣáájú, kí ẹni tó tẹ̀lé e fi ti tuntun ṣáájú, kí àárẹ̀ má bàa gbè sẹ́yìn ẹ̀rọ kan. Lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta tó dára ni ẹ ń wá, kí méjì tó ga jù má fi ju 150 mL yàtọ̀ síra. Tí ẹ bá ń lo salbutamol (oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí), kí wọ́n fẹ́ sínú ẹ̀rọ méjèèjì kí ẹ tó fún wọn ní 400 µg.

Ọmọ_Dátà:
Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ẹ má fi Excel ṣí nọ́ńbà olùkópa tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo láìsọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni: 00417 á di 417, kò sì ní bá fíríìsà mu mọ́. Déètì, ọdún ni kó ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn. Ẹ fi díjíìtì àyẹ̀wò kan (èyí tí kọ̀ǹpútà ṣírò láti ara àwọn díjíìtì yòókù) sí ìparí nọ́ńbà, kí kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti gba èyí tí wọ́n bá ṣì tẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ni mo máa ń bèèrè fún túùbù ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí wọ́n fà á, ìgbà tó wọ centrifuge, ìgbà tó wọ fíríìsà. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ gba serum (omi tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dì) lára rẹ̀ nílò 30 sí 60 ìṣẹ́jú kó tó dì, kó tó wọ centrifuge. Tí ìwé bá sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló lò, yálà wọ́n kánjú ni o, tàbí ẹnì kan jókòó kọ wákàtí náà nírọ̀lẹ́.

Kí ibùdó kọ̀ọ̀kan sì fi àkọsílẹ̀ wé fíríìsà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Túùbù tó sọnù lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó gbé e ṣì lè rántí lọ́jọ́ Ẹtì.