Chevrolet C10 ọdún 1969: kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ tinú-tòde ọkọ̀ àtijọ́. Mo ní píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1969. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà tó bá a jáde ṣì ń dáhùn bí mo bá ṣáná sí i, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, bíréèkì rẹ̀ kò mú dáadáa, iná iwájú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Mo fẹ́ kí ìrísí rẹ̀ wà bó ṣe wà, kí n sì lè máa gbé e jáde lójoojúmọ́ láìfòyà. Mẹkáníìkì tí mo fi hàn ní kí n kọ́kọ́ yọ ẹ́ńjìnì yẹn, kí n fi V8 (ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ) tuntun rọ́pò rẹ̀, kí ìyókù máa tẹ̀ lé e. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí?

Èsì kìn-ín-ní

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ tí kò ṣeé dá dúró, bí a bá fi agbára kún un, ewu ni a fi kún un. Bíréèkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1971 ni bíréèkì onídíìsìkì (èyí tí pádì ń fún àwo irin tó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí) tó di ohun tí gbogbo C10 ń gbé jáde ní ẹsẹ̀ iwájú. Dúrọ́ọ̀mù (agolo irin tó ń yí, tí ṣúù inú rẹ̀ ń tẹ̀ mọ́ ọn láti dá ọkọ̀ dúró) ni yóò wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiyín. Dúrọ́ọ̀mù kò burú, ṣùgbọ́n bó bá gbóná nígbà tí ọkọ̀ ń fi ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kì í mú bó ṣe yẹ mọ́, bí omi bá sì wọ inú rẹ̀, ó lè fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àǹfààní yín ni pé odindi iwájú C10 ọdún 1971 tàbí 1972 ṣeé gbé wọ ọkọ̀ yín. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí: nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló ń de rìímù tiyín, márùn-ún ló ń de ti 1971. Bí ẹ bá pààrọ̀ iwájú nìkan, rìímù iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ní bára mu mọ́, táyà àfipamọ́ kan kò sì ní gba ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là. Ẹ wá ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn, tàbí kí ẹ ra díìsìkì tí wọ́n ṣe fún nọ́ọ̀tì mẹ́fà.

Ẹ má sì fi máásítà bíréèkì àtijọ́ (èyí tó ń ti omi bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀) bá díìsìkì ṣiṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ṣe ń yí ni dúrọ́ọ̀mù máa ń fa ṣúù mọ́ra, tí ìyẹn ń dín wàhálà awakọ̀ kù. Pádì díìsìkì kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ fi búsítà, tó ń fi agbára kún ẹsẹ̀ awakọ̀ lórí bíréèkì, kún un. Ẹ tún nílò fáàfù tó ń dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù, nítorí pé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù fúyẹ́ bí kò bá gbé ẹrù: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á tètè há, ọkọ̀ á sì fẹ́ yí po. Ìgbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ṣófo ni kí ẹ dán an wò, ní ibi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú mi, àmọ́ èmi á kọ́kọ́ yẹ irin wò kí n tó ra ohunkóhun. Ìpẹtà tí ẹ rí nílẹ̀ ọkọ̀ kì í sábà dá wà. Ẹ ká rọ́bà ilẹ̀ kúrò, kí ẹ máa fi sukurudíráfà gún irin abẹ́ ìlẹ̀kùn, igun ẹ̀yìn orí ọkọ̀ (ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí) lápá méjèèjì, àti ibi tí bóòtù ti so orí ọkọ̀ mọ́ ṣáásì. Irin tó ṣì le á dún gooro. Èyí tó ti jẹrà á gba sukurudíráfà wọlé, eruku pupa á sì máa dà sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ irin abẹ́ ìlẹ̀kùn ló ti jẹrà, kí wẹ́dà má gé e láìkọ́kọ́ fi irin dábùú ojú ìlẹ̀kùn, torí bí orí ọkọ̀ bá wọ́, ìlẹ̀kùn kò ní padé dáadáa mọ́. Kí ó má sì jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó máa jó o ní díẹ̀díẹ̀, kó fo láti ibi kan sí ibi tó jìnnà, kí irin ráyè tutù, nítorí ooru ló ń mú irin pẹlẹbẹ ká kò. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọkọ̀ rere tí wọ́n fi pọ́tì bo ìpẹtà rẹ̀, tí wọ́n wá fín ọ̀dà aláràbarà lé e lórí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Òórùn epo bẹntiróòlù tún máa ń kún inú orí ọkọ̀ bí mo bá ti rọ epo kún táǹkì. Ṣé kabúrétọ̀ ló ń jò ni?

Èsì kẹta

Ẹ wo ẹ̀yìn àga yín ná. Inú orí ọkọ̀ ni táǹkì epo C10 wà láti 1967 títí dé 1972, kí wọ́n tó gbé e bọ́ síta ní 1973. Rọ́bà tó so ẹnu ìrọpo mọ́ táǹkì ni mo fura sí. Ó máa ń sán bó bá gbó, epo tó ní ẹtanóòlù sì máa ń tètè bà á jẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá. Ní tèmi, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ gbé táǹkì náà lọ sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, sáàárín irin ṣáásì méjèèjì, nítorí kò yẹ kí èèyàn fẹ̀yìn ti epo wakọ̀ lójoojúmọ́.

Ní ti iná iwájú, gbogbo agbára rẹ̀ ló ń gba inú súìṣì dáṣíbọ́ọ̀dù àti wáyà gígùn tó ti gbó kọjá kó tó dé gílóòbù. Kí rewáyà fi rìléè (súìṣì tí iná mànàmáná díẹ̀ ń ṣí) àti fíúùsì sí i nítòsí bátìrì, kí súìṣì kàn máa pàṣẹ fún rìléè.

Èsì kìn-ín-ní

Èmi tí mo kọ́kọ́ dáhùn ni mo tún dé. Ẹ pa ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà yẹn mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá tú orí rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìjókòó fáàfù (òrùka irin tí fáàfù ń padé lé) tó le sí i, nítorí òjé inú epo ayé ìgbà náà ló ń dáàbò bo ti àtijọ́, òjé náà kò sì sí nínú epo òde òní mọ́. Ọ́ìlì tí ẹ bá ń dà sí i, ẹ wo ara ike rẹ̀ bóyá wọ́n ṣe é fún ẹ́ńjìnì àtijọ́, torí irú rẹ̀ ló ní síǹkì tó pọ̀ tó láti gba káámú (irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì) lọ́wọ́ yíyọ.