Lórí "àfodò": ta ló ń fo odò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí mi ò dá sí i, mo rò pé àwọn àgbà tó wà níbí á ti yanjú ẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo rí i tí àwọn kan ti ń kí ara wọn kú oríire ọ̀rọ̀ tuntun, mo ní kí n yáa tètè sọ tèmi kó tó di pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀, wọ́n gbé ìwé kan fún un pé kó tú u. Ìwé ọ̀hún dá lórí ilẹ̀ tí odò kékeré kan ń gbà kọjá láàárín oko àti àwọn abúlé wẹ́wẹ́ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní creek valley. Ó ní àfonífojì gùn jù, ó tún ní ó ń dún bíi Bíbélì, ló bá fi àfo kan odò, ó ní "àfodò", àwọn abúlé yẹn wá di "ìletò àfodò". Ó parí, ẹ kú oríire.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fo odò?

Mo gbà pé àfo jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàfo ló pọ̀ lẹ́nu èèyàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni fo yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá ti tẹ̀lé e, ohùn ẹ̀ á gòkè di àárín: rà, ó ra ẹran, gbà, ó gba owó, fò, ó fo odò. Ẹ wá kan à- mọ́ ọn níwájú kí ẹ sì pa fáwẹ́lì kan jẹ, kí lẹ ní lọ́wọ́? Àfodò. Ọgbọọgba ni méjèèjì, àmì ohùn kankan ò lè yà wọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Tàráà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pé ẹ̀ ń lọ sí àfodò, á máa wo ẹsẹ̀ yín bóyá ẹ lè fò ni. Èyí tó tún burú ni pé bí gbogbo wa ṣe ń tẹ nǹkan lórí fóònù láìfi àmì sí i yìí, afodo lásán ló máa di, ẹlòmíì á sì kà á sí àfọ́dó, ó di ẹni tó ń fọ́ odó. Abúlé àwọn tó ń fọ́ odó! Ẹ wá lọ bá wọn gúnyán níbẹ̀.

Ẹnìkan fèsì pé "àfonífojì náà ní fo nínú, kí ló dé tí ẹ ò bá ìyẹn jà?" Ọ̀gá, àfonífojì ti dàgbà, kò sẹ́ni tó ń tú inú ẹ̀ wò mọ́, odindi la fi ń gbé e. Ọ̀rọ̀ tuntun ni àwọn èèyàn máa ń tú wò, wọ́n á là á sí méjì kí wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀, tí ohun tí wọ́n bá rí bá jẹ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín ni wọ́n á máa rín tí ọ̀rọ̀ yẹn á fi kú.

Èmi náà ò fẹ́ àfonífojì fún ìwé yẹn o, àmọ́ ìdí tèmi yàtọ̀ sí ti Bíbélì tí ẹ ń wí. Àfonífojì fẹ́ òkè lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ wa níbí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí wọ ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, láti Ìrẹsà títí dé ìhà Ajáawà, kì í ṣe ilẹ̀ tó já wálẹ̀ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọlẹ̀, o lè máa rìn lọ kí o má mọ̀ pé o ti ń sọ̀ kalẹ̀ àfìgbà tí o bá rí kókò àti ìrèké, tí ilẹ̀ sì ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ. Kí làwọn ará ibẹ̀ wá ń pe ibẹ̀? Ìsàlẹ̀. "Mo ń lọ sí ìsàlẹ̀", ó parí, gbogbo ilé ti mọ̀ pé odò ló ń lọ. Àárín ìgboro pàápàá, Òkèlérin wà, Ìsàlẹ̀ Afọ̀n wà, kò sí ọ̀mọ̀wé tó jókòó dá ìyẹn sílẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe rí ni wọ́n wò.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ti creek yẹn kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dàrú. Ẹni wa tó wá láti ìlú Ìlàjẹ sọ ọ́ dáadáa, ẹ kàn fò ó dá ni. Lọ́dọ̀ tiwọn létí òkun, creek jẹ́ ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà, omi iyọ̀ ń wọlé ó ń jáde níbẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọba sì ṣe ń lò ó nìyẹn. Amẹ́ríkà ló ń fi creek pe odò kékeré orí ilẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé fún un, ti odò inú oko ni, ọkọ̀ ò lè wọ ibẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn míì ọmọdé lè fẹsẹ̀ là á kọjá kí omi má kan orúnkún ẹ̀. Ẹ ò tíì mọ omi tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ ti ń sọ ọ́ lórúkọ.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni àfo yẹn fúnra ẹ̀. Àfo, ibi tó ṣófo! Ilẹ̀ etí odò, tí kò sí ilẹ̀ tó kún tó o ní gbogbo oko! Ẹ lọ síbẹ̀ nínú oṣù kejì ọdún nígbà tí òkè ti gbẹ tí gbogbo koríko ti jóná, àkùrọ̀ nìkan ló tutù, ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ṣọkọ wà, ilá, ata, àgbàdo tí wọ́n fẹ́ fi gba owó gọbọi kí òjò tó dé tí tàwọn tó kù á fi jáde. Oníkálùkù mọ ààlà ẹ̀ níbẹ̀ dé ibi igi kan. Àwọn Fúlàní láti gáà náà ń da màlúù wá mumi níbẹ̀, màlúù á yà sínú ẹ̀fọ́, ó di ariwo, ó di ilé baálẹ̀. Ibi tí èèyàn ti ń jà nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ̀ ń pè ní àfo. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n, àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀ kí òjò tó rọ̀ sí i. Èdè yìí ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà yín tó dé.

Ìletò ńkọ́? Mi ò ní ìjà pẹ̀lú ìletò, ìwé ló wà fún. Àmọ́ ìwé yín ní àwọn tó ń gbé etí odò yẹn kì í ṣe irú kan náà. Lọ́dọ̀ tiwa, abà yàtọ̀, ẹni tó wà lábà ní ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń bọ̀ wálé ọdún, wọ́n á sì gbé òkú ẹ̀ wálé. Gáà yàtọ̀. Orílé yàtọ̀, ìlú tó ti wà rí tó tú tí àwọn kan wá padà sí, ẹ sọ fún ará Orílé Ìgbọ̀n pé ìletò ló ń gbé kí ẹ wo ojú tó máa fi wò yín. Tí odò bá tún fún ìlú lórúkọ, odò la fi ń pè é, ẹ lọ wo Odò-Ọbà ní Ògo-Olúwa, odò ló ń jẹ́ Ọbà, ìlú ń jẹ́ Odò-Ọbà, kò sí àfo láàárín wọn. (Tó bá ṣeé ṣe kí ẹni tó ń kọ pátákó fi àmì sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. ODO OBA ni wọ́n ń kọ, àwọn ọmọ wa ti ń kà á sí odò ọba, bíi pé ààfin kan ló ni ín. Ọbà ni o, ìyàwó Ṣàngó, omi tí wọ́n ṣe dáàmù lé lórí tí Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń rí omi ẹ̀rọ lò, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.)

Ó wá kan ipadò. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá nìyẹn, inú mi sì dùn pé ẹni méjì ti dárúkọ ẹ̀ kí n tó dé. Ipa, bíi ipa ẹsẹ̀, bíi ipa ọ̀nà, ibi tí nǹkan gbà kọjá tó sì fi àmì sílẹ̀. Ipa odò, ipadò: ojú ibi tí omi ń gbà, bèbè tòun ti àkùrọ̀ àti àbàtà tó wà níbẹ̀. Kí lẹ tún ń wá? "Àwọn abà ipadò." Ó pé. Ẹni tó ní etí odò nìkan ni ipadò túmọ̀ sí, ẹ jẹ́ ká fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tí a fẹ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ tí a fi tipátipá bí lọ.

Bàbá wa tó ti fẹ̀yìn tì wá ní ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí i- yẹn, pé ìpadò ni, pé òun ti kọ́ àwọn tó ń kọ́ wa. Bàbá, ẹ ṣeun, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá fi ohùn ìsàlẹ̀ síbẹ̀, ìpa ti ìpànìyàn lẹ ti gbé wá, ẹ ti pa odò. Ẹlòmíì ní látinú "ìpàdé odò" ló ti wá, ló bá kó ìjà Ọbà àti Ọ̀ṣun wá síbí, ọ̀rọ̀ etí tí wọ́n gé àti omi tó ń ru níbi tí orogún méjì ti pàdé. Ìtàn dídùn ni, Ọbà sì wọ inú Ọ̀ṣun lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Àmọ́ dé tó wà nínú ìpàdé, ibo ló gbà lọ? Ẹja ló gbé e mì ni?

Èyí tó ní ohun tí kò bá ti sí nínú ìwé atúmọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀, mi ò fẹ́ dá a lóhùn gùn. Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1855, ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1858. Àwọn tó ń pọnmi lódò Ọbà ṣáájú ọdún yẹn, ṣé ìka ni wọ́n ń nà sí i?

Bàbá tó tọ́ mi dàgbà lábà, kò mọ̀wé, àmọ́ tí ẹ bá dé odò pẹ̀lú ẹ̀, kò sí ibi tí kò ní orúkọ. Ibi tí omi ti ń sun, ṣẹ̀lẹ̀rú. Ibi tó jìn tí ọmọdé ò gbọdọ̀ dé, ibú. Ibi tí wọ́n ti ń pọn mímu, ojú odò, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ẹni bá fọṣọ lókè á sanwó ìtanràn. Èyí tó kàn ń wọ́ wá nígbà òjò, àgbàrá ló ń pè é, kò gbà kí n pè é lódò láéláé, ó ní odò ní ilé tó ti wá. Ìran tó ń sọ ọ́ báyìí ti ń lọ, ẹ̀yin sì wà nídìí àfodò.

Ọ̀rọ̀ ku méjì. Ẹni tó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ojúlówó, pé kí n fi ti Ọ̀yọ́ sílẹ̀ fún ọmọ Ọ̀yọ́, kó wá sọ ọ́ ní gbangba níbí. "Ìṣàndò" tí ẹlòmíì tún gbé jáde láàárọ̀ yìí, mo ti rí i. Ṣé odò míì wà tí kì í ṣàn ni? Kó kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn ná, kí àwọn ará Ìkòyí àti Ìlújú sì bá mi sọ ohun tí wọ́n ń pe ìpẹ̀kun àkùrọ̀ lápá òkè, ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, torí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò gbà fún ara wa lórí ìyẹn.