Ọmọ mi ò fẹ́ lọ sílé ìwé tuntun látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti rìnrìn àjò

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6 ni, a kó ilé, a wá pààrọ̀ ilé ìwé fún un, àfi bí iṣẹ́ ṣe tún gbé bàbá ẹ̀ lọ ọ̀nà jíjìn lọ́sẹ̀ kan náà, ó sì máa tó oṣù mélòó kan kó tó padà dé. Àtìgbà yẹn làràárọ̀ ti di ogun. Tó bá ti fojú kan yunifọ́ọ̀mù báyìí inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, á lóun fẹ́ bì, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé ẹ ò ní gbúròó inú rírun kankan. Tá a bá dé géètì á di aṣọ mi mú, tíṣà ló máa ń bá mi tú ìka ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ á ní kí n pe dádì, dádì á gbé e, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa wo ojú ẹ̀ nínú fídíò, tí wọ́n bá ti gé fóònù ló máa wá bú sẹ́kún. Ó tún ti ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, nǹkan tó ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Ìyá ọkọ mi ní irọ́ ló ń pa, kí n fẹgba sí i. Èmi ò rò pé irọ́ ni. Ṣé kí n dá a dúró sílé fúngbà díẹ̀ ni kára ẹ̀ fi balẹ̀, àbí kí n dín fóònù yẹn kù?

Tíṣà Ọmọ Kékeré:
Ẹ kú wàhálà mà. Kì í ṣe irọ́ rárá. Ẹ̀rù àti àárò máa ń mú kí inú run ọmọdé lóòótọ́, ó ń gbọ́ ìrora yẹn lára. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá tí inú rírun yẹn bá ń jí i lóru, tàbí ara ẹ̀ ń gbóná, tàbí ó ń rù, tàbí ó ń dùn ún bó ṣe ń tọ̀. Tí dókítà bá ti ní kò sí nǹkan, ẹ má dá a dúró sílé o. Ọjọ́ tó bá jókòó sílé ara á tù ú, á wá gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé ewu wà nílé ìwé yẹn lóòótọ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní géètì, ẹ dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ gbólóhùn kan náà lójoojúmọ́, "tí wọ́n bá ti jáde màá wà níbí", kẹ́ ẹ yíjú kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má yọ́ lọ nígbà tí ò bá wò yín, torí tó bá bojú wẹ̀yìn tí ò rí yín, lọ́la ńṣe lá tún di aṣọ yẹn mú ṣinṣin. Ẹ bi tíṣà ẹ̀ bóyá ó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ká tó pe orúkọ tán wọ́n ti ń ṣeré.

Nǹkan kan tún wà táwọn òbí kì í bèèrè: tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tuntun lè má mọbi tó wà, ojú lè máa tì í láti tọrọ àyè, á wá há ìtọ̀ há ìgbẹ́ mọ́ra látàárọ̀ títí dìgbà tó bá délé. Inú á máa run ún, ìgbẹ́ tó bá sì ti le síkùn máa ń tẹ àpò ìtọ̀, ìyẹn náà lè jẹ́ kó máa tọ̀ sílé. Ẹ wo báàgì ẹ̀ tó bá dé. Tí omi inú ìgò bá padà wálé bó ṣe lọ, ẹ fura pé kò mumi kó má bàa tọ̀ níbẹ̀.

Bàbá Ojú Òkun:
Èmi ni bàbá tó máa ń lọ, iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni mò ń ṣe. Mà, pé kò sọ̀rọ̀ nínú fídíò yẹn kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ ẹ o. Ẹ sọ fún ọkọ yín kó yéé bi í pé "ilé ìwé ńkọ́", "dáadáa" ló máa fi dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ parí. Kí wọ́n jọ ṣe nǹkan. Èmi àti tèmi jọ máa ń yàwòrán ni, kálukú á fi tiẹ̀ han kámẹ́rà, ẹ̀rín la máa ń fi parí ẹ̀ torí mi ò mọ àwòrán yà. Ẹ má dín in kù, àkókò ni kẹ́ ẹ yí padà, ẹ mú un kúrò lásìkò oorun, ẹ fi sí ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ àṣetiléwá, kó sì jẹ́ aago kan náà. Kó ka ìtàn sílẹ̀ sórí fóònù yín, ìyẹn lẹ máa tan fún un tó bá fẹ́ sùn. Ọjọ́ tí ò bá dá a lójú pé òun máa dé, kó má dárúkọ ẹ̀ fọ́mọ o!

Àǹtí Ṣadé:
Mo fara mọ́ tiwọn, àmọ́ kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìkan lọmọ á máa gbọ́ ohùn dádì, kó má gbọ́ ọ láàárọ̀ rárá, mi ò gbà. Tèmi, fóìsì nóòtù kékeré ni bàbá ẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ kó tó wọ bàtà, ó sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ tún bá a wá ọ̀rẹ́ kan péré ní kíláàsì yẹn, ẹ bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n jọ ṣeré ní wíkẹ́ǹdì. Ẹ má bi í pé "ta ló bú ẹ lónìí", ẹ bi í pé "ta lẹ jọ jókòó nígbà búréèkì". Tí wọ́n bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, á jáde nínú ìtàn yẹn fúnra ẹ̀. Ẹgba kọ́ o, ẹgba lórí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ á kàn jẹ́ kó máa fi aṣọ tó tọ̀ sí pamọ́ ni.

Ìyá Àdùkẹ́:
Háà, Tíṣà, mo ṣí báàgì, ìgò yẹn kún dẹ́nu! Mo rọra bi í, ó ní ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn le, ó ti òun mọ́nú lọ́jọ́ kan. Lọ́la màá rí tíṣà ẹ̀. Ọkọ mi náà ti gbà pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló máa máa pè. Ó ku ìyá ọkọ mi.

Tíṣà Ọmọ Kékeré:
Ẹ sọ fún tíṣà kó bá a wọlé lọ́jọ́ mélòó kan, kí ó máà ti ilẹ̀kùn pa, kó kàn pa á dé. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí ò bá dínkù rárá, tàbí kò jẹun, kò sùn, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ti ìyá ọkọ yín, ẹ ní kí wọ́n bá yín mú un lọ sí géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan.